Láàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nínú ilé: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọlọ́mọmẹ́ta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni mo gbé wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń tàn án, ẹni tó bá sùn kẹ́yìn ló ń pa á. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 6 àti ọmọ oṣù 18, pẹ̀lú Màmá Àgbà tí kì í kúrò nídìí ìkànnì ìròyìn. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ṣíbí ń lọ sẹ́nu, ojú wà lára ògiri. Ẹ máa pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Èyí ọdún 6 ti mọ orin ìpolówó ọjà ju orin iléèwé lọ. Màmá ò fẹ́ jáde mọ́, wọ́n ní ìta ti bàjẹ́. Kí ẹnì kan wá dán an wò kó pa á, ìjà dé.

Ṣé ká gbé e kúrò nílé ni, àbí ọ̀nà wà láti dín in kù tí kò ní di ogun? Ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ṣe ni mò ń wá, ẹ jọ̀ọ́. Ìwàásù ti pọ̀.

Ẹ_Gbé_E_Jáde

Ẹ tú wáyà ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó bá fẹ́. Ó parí. Òfin wákàtí kan, òfin wákàtí méjì, ẹni tó ń ṣọ́ òfin ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa le. Àwọn ọmọ á máa rìn kiri inú ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má sáré wá nǹkan tí wọ́n máa fi dípò. Ẹ kàn kó pépà, gọ́ọ̀mù, bọ́ọ̀lù àti ìwé síbi tọ́wọ́ wọn lè tó, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń bá wọn wá eré kiri, ẹ̀yin lẹ máa di tẹlifíṣọ̀n.

Tíṣà_Jẹ́léósinmi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Gbígbé e jáde dára nílé tí kò sí fóònù. Níbi tí fóònù bá wà, eré tó wà lára ògiri kàn máa kó wọ àtẹ́lẹwọ́ ni, ìyẹn sì ṣòro láti ṣọ́ jù. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ò ní ìkọ̀kọ̀: ẹni tó ń kọjá lọ síbi ìdáná náà rí ohun tí ọmọ ń wò.

Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 18 yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, òun lẹ́nikẹ́ni kì í sì í kà. Wọ́n á ní "kò kúkú wò ó." Òótọ́ ni, kò wò ó. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú 10 péré. Ọmọ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì, ó ń nawọ́ sí ẹ̀kẹta. Àtẹ́wọ́ ró wàá láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ó gbójú sókè, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Nígbà tó máa fi wolẹ̀ padà, bọ́ọ̀lù lọwọ́ ẹ̀ bà. Búlọ́ọ̀kù tán nìyẹn. Kò sunkún, kò bínú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan já.

Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Àwọn ọmọ oṣù 12, 24 àti 36 ń ṣeré nínú yàrá kan. Wọ́n tan ètò àgbàlagbà fún ààbọ̀ wákàtí, wọ́n pa á fún ààbọ̀ kejì. Nígbà tó wà ní títàn, eré wọn ń já wẹ́wẹ́, wọn kì í pẹ́ nídìí nǹkan kan. Ní 2009, ìwádìí míì yẹ àwọn òbí wò: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọmọ sọ fi bí ìdá kan nínú 5 dín kù. Ẹnu òbí sì ni ọmọ oṣù 18 ti ń kó ọ̀rọ̀, torí ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń rí kọ́ lójú ẹ̀rọ kéré sí ohun kan náà bí èèyàn bá ṣe é níwájú ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé kí wọ́n má gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, bó bá dín, ó tún dáa jù.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ kì í ṣe òfin wákàtí. Tẹlifíṣọ̀n tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì, ká pa á.

Kẹ́ ẹ tó fòfin lé ohunkóhun, ẹ lẹ pépà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ 7. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin: aago tí wọ́n tàn án, ẹni tó tàn án, ohun tó ń lọ, iye èèyàn tó ń wò ó ní tòótọ́. Ẹni tó ń tẹ fóònù lórí àga, ẹ má kà á. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ibi tí iye èèyàn ti jẹ́ òdo. Òdo wọ̀nyẹn lẹ máa kọ́kọ́ gé, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà lórí wọn.

Onírìmóòtù

Òdo yẹn wù mí. Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti ẹ̀rọ. Orúkọ máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ máa wò rèé.

Lábẹ́ Settings, ẹ wá Time tàbí Timers. Sleep Timer ń pa á lẹ́yìn iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá yàn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́; lọ́jọ́ kejì ẹ tún máa yàn án. Off Timer ló ń tún ara ẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Òun ni kẹ́ ẹ fi sí aago oúnjẹ alẹ́ àti aago ìbùsùn.

Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń jẹ́ 0000 tàbí 1234, ọmọ ọdún 11 sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ wá fi ti àwọn ìkànnì àti ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù. Ẹ kọ ọ́ síbì kan o. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ní láti pa gbogbo ètò inú ẹ̀rọ rẹ́ pátápátá, bí ìgbà tó jáde látinú páálí.

Ẹ tún wo ohun tó ń ṣe bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé yín lọ sójú ewé tí fídíò ti ń dá sáré, ẹni tó fẹ́ wo ìṣẹ́jú 20 á fi ìṣẹ́jú 15 yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá gbà, ẹ ní kó máa ṣí síbi tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì oníaago gé iná ẹ̀. Ẹ má dán an wò lára tẹlifíṣọ̀n tí irú ojú ẹ̀ ń jẹ́ OLED. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á ló máa ń tún ojú ara ẹ̀ ṣe. Bí iná bá ń gé nígbà gbogbo, kò ní ráyè ṣe é, àmì ìkànnì tó máa ń wà ní igun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn bí òjìji. Irú ẹ̀rọ yòówù tó bá sì jẹ́, bí iná bá gé nígbà tó ń gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè má tàn mọ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó kú lójijì láàárín eré, ẹkún ẹ̀ á ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ máa kìlọ̀ fún wọn ṣáájú: "ó ku ìṣẹ́jú méjì o." Kí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Aṣèwádìí

Ìyá Ìbejì, ìlàjì ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Washington yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2016 láàárín àwọn ìdílé tó ní ọmọ ọdún 1 sí 5. Ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo òbí ń lò, ẹkún ló ń fi kún. Ohun tó ń mú un rọrùn ni kí eré parí fúnra ẹ̀, tàbí kó jẹ́ aago tọ́mọ ti mọ̀ pé wọ́n máa ń pa á lójoojúmọ́, tàbí kó jẹ́ ẹ̀rọ ló dáwọ́ dúró. Bí òbí bá pa á, ọmọ á bá òbí jiyàn. Bí ẹ̀rọ bá pa ara ẹ̀, ta ló fẹ́ bá jiyàn?

Nítorí náà ẹ má fi ìṣẹ́jú wọ̀n ọ́n fún ọmọ ọdún 6. Ẹ fi eré wọ̀n ọ́n. "Eré kan, ká tó wẹ̀." Ibi tí eré bá parí sí ni Off Timer gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, kó má bàa gé e ní gbólóhùn ìkẹyìn. Ti ọmọ ọdún 11 yàtọ̀: òun lè mọ̀ pé wákàtí 1 ni tòun, kó yan bó ṣe máa ná an.

Onírìmóòtù

Mo gbà, ṣùgbọ́n nǹkan kan máa ba ìyẹn jẹ́: eré ò parí mọ́ lásìkò yìí. Apá kejì ń bẹ̀rẹ̀ kí orúkọ àwọn òṣèré tó lọ tán. Autoplay nìyẹn. Inú áàpù náà lẹ ti máa pa á, kì í ṣe inú Settings tẹlifíṣọ̀n, ó sì sábà máa ń jẹ́ méjì: ọ̀kan fún apá tó kàn, ọ̀kan fún àwọn fídíò kékeré tó ń dá sáré lójú ewé. Ẹ pa méjèèjì. Bí ẹni mẹ́rin bá ní àyè tiwọn lábẹ́ orúkọ kan náà, ẹ máa pa á lẹ́ẹ̀mẹrin, torí ti ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíì kú.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ oorun. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà nínú yàrá tọ́mọ ń sùn, ẹ gbé e jáde kúrò níbẹ̀ lónìí. Òun nìkan ni mo gbà pé kẹ́ ẹ gbé jáde láìjiyàn. Ọmọ tó ní i ní yàrá máa ń pẹ́ sùn, kò sì sẹ́ni tó mọ aago tó sùn. Ẹ pa á ní ó kéré tán wákàtí 1 ṣáájú ìbùsùn.

Ní ti oúnjẹ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í mọ ìgbà tó yó, ó sì máa ń jẹun ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, aago oúnjẹ ni: ó kúrú, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin.

Ẹni tó bá sì ń wò ó pẹ́, kó máa dìde lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí. Kó lọ mu omi, kó rìn débi ilẹ̀kùn padà. Ìjókòó gígùn láìmira ló ń ṣe ara níbi.

Ẹ_Gbé_E_Jáde

Nọ́ọ̀sì, ẹ ò dárúkọ iná búlúù ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń lé oorun lọ. Ẹ ò sì sọ pé ọmọ tó ń jókòó sún mọ́ ọn, ojú ẹ̀ á fọ́.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ iná yẹn, ti fóònù ni wọ́n sábà máa ń gbé lé tẹlifíṣọ̀n lórí. Fóònù wà nítòsí imú. Tẹlifíṣọ̀n wà ní ìsọdá yàrá, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú kéré gan-an. Ohun tó ń lé oorun lọ níbi tẹlifíṣọ̀n ni pé eré dùn, ẹni tó yẹ kó sùn ní aago 9 ṣì jókòó ní aago 11, tàbí pé ohun tó rí bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá ra gíláàsì ojú aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń dènà iná búlúù, tó sì jókòó di aago 11, aago 11 náà ló sùn.

Ìjókòó sún mọ́ ọn kì í fọ́ ojú. Ìkìlọ̀ yẹn gbilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà ní 1967 pé àwọn tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère kan ń tú ìtànṣán X-ray jáde ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì kó wọn padà. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní ò ní irú ìgò tó ń tú ìtànṣán yẹn jáde nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo ọmọ tó bá ń sún mọ́ ọn nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ pé kò ríran jìnnà ni. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, kẹ́ ẹ tó máa pariwo lé e lórí.

Ewu tó wà nínú ìsúnmọ́ ni pé kó wó lé e. Ọmọ oṣù 18 ń fi gbogbo nǹkan gun òkè. Bó bá wà lórí tábìlì, ẹ fi okùn ìdè dè é mọ́ ògiri látẹ̀yìn, ẹ de tábìlì náà mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ má sì fi rìmóòtù tàbí nǹkan ìṣeré sórí ẹ̀. Ohun tó wà lókè yẹn ló máa pe ọmọ gòkè.

Ọlọ́mọmẹ́ta

Ẹ ṣeun gan-an. Okùn ìdè yẹn ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí. Màmá Àgbà ńkọ́? Wọ́n ní ìròyìn làwọn ń gbọ́, àwọn ò ṣeré.

Aṣèwádìí

Olùwádìí kan, George Gerbner, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìmọ̀: ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ máa ń rò pé ayé burú ju bó ṣe burú lọ. Ó máa ń rò pé ó rọrùn kí wọ́n ṣe òun léṣe, kì í sì í fọkàn tán èèyàn. Àmọ́ ẹ má gbé e mì lódindi. Ní 1979, àwọn olùwádìí méjì, Doob àti Macdonald, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n sì wo irú àdúgbò tí oníkálukú ń gbé. Nígbà tí wọ́n yọ ti àdúgbò kúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú ìbáṣepọ̀ yẹn pòórá: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù ń gbé níbi tó léwu lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n. Kẹ́ ẹ tó sọ pé tẹlifíṣọ̀n ló ba Màmá lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá nǹkan kan wà lójú ọ̀nà tó ń bà wọ́n lẹ́rù: àtẹ̀gùn tí kò ní ìdìmú, mọ́tò tó ń sáré.

Èyí tó dá mi lójú jù ni ti àsọtúnsọ. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú níbi eré ìje ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní 2013, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn tó fi wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ wo ìròyìn ẹ̀ tàbí kà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìdààmú ọkàn wọn ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an lọ. Ìkànnì ìròyìn oníwákàtí 24 kì í ní ìròyìn wákàtí 24. Nǹkan bíi mélòó kan ni wọ́n ń yí po. Màmá rí iná kan ṣoṣo, wọ́n rí i nígbà 14, ọkàn sì kà á sí iná 14.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ má gba rìmóòtù lọ́wọ́ Màmá o. Fún àgbàlagbà tó ń dá wà lọ́sàn-án, ohùn yẹn ni alábàárìn. Bẹ́ ẹ bá pa á láìfi nǹkan dípò, ẹ kàn sọ ilé di ibojì ni.

Ẹ yan ìròyìn méjì lóòjọ́ fún wọn, èyí tó ní aago ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, kó má jẹ́ èyí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó sùn. Láàárín méjèèjì, ẹ tan rédíò olórin tàbí ètò tí kì í ṣe ìròyìn. Kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n níbi ìròyìn ọ̀kan nínú méjèèjì, kó máa bi wọ́n: ibo ló ti ṣẹlẹ̀? Ìgbà wo? Ṣé ti àná náà ni wọ́n ń tún fi hàn? Ìbéèrè kẹta yẹn nìkan máa ń dín ìbẹ̀rù kù.

Ẹ tún yẹ etí wọn wò. Bó bá jẹ́ pé ariwo tẹlifíṣọ̀n ń ga sí i lóṣooṣù, ó lè jẹ́ etí ló ń lọ. Ẹ wá ètò tó ń mú ohùn èèyàn jáde lábẹ́ Sound, ó sábà máa ń ní "voice" tàbí "dialogue" nínú orúkọ. Ẹ tan àkọlé ìsàlẹ̀ fún wọn. Gbohùngbohùn alágbèékọ́rí (headphone) tí kò ní wáyà á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tìwọn, kí gbogbo ilé má máa gbọ́ ọ.

Apolówó_Ọjà

Èmi fẹ́ mú ti orin ìpolówó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó dúró lórí ọmọ ni: ó kúrú, orúkọ ọjà wà ní òpin ìlà níbi tí ohùn ti ń ga, wọ́n sì ń tún un ṣe débi pé ẹni tí kò fẹ́ ẹ pàápàá á máa kọ ọ́ lórin. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 4 tàbí 5 kì í lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára eré. Títí di bí ọdún 7 tàbí 8, ó lè mọ̀ pé ìpolówó ni, ṣùgbọ́n kò tíì yé e pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun. Ó rò pé wọ́n ń sọ fún òun ni. Ìdí nìyẹn tí Quebec, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, fi fòfin de ìpolówó sí àwọn tí kò tíì pé ọdún 13 láti 1980, tí Sweden sì fòfin de ti orí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 12 láti 1991.

Ọmọ ọdún 6 ti tó ẹni tí wọ́n lè kọ́. Nígbà tí ìpolówó bá wọlé, ẹ tẹ Mute, kẹ́ ẹ béèrè mẹ́ta: ta ló sanwó kí èyí tó jáde? Kí ni wọ́n fẹ́ ká ṣe? Kí ni wọn ò fi hàn wá? Tí ohùn bá kúrò, ojú ọmọ á là sí i: á rí i pé ọmọ inú ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lásán, nǹkan ìṣeré náà ò dá rìn, ọwọ́ ẹnì kan ló ń tì í. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan òun fúnra ẹ̀ á máa tẹ Mute, á máa bi ẹ̀yin.

Àti pé, tẹlifíṣọ̀n náà ń wò yín. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ ohun tẹ́ ẹ wò sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́, kí ìpolówó lè bá yín mu. Ẹ lọ sí Privacy tàbí Terms, ẹ wá ohun tó bá sọ "viewing" tàbí "interest-based", ẹ yọ àmì kúrò níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò ní dá iṣẹ́ dúró nítorí ìyẹn. Bó bá gba àtúnṣe tuntun, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó lè tún béèrè, kí ẹni tó ń kánjú sì tẹ "gbà."

Olólùfẹ́_Síríìsì

Ẹ ti pa á tán! Ṣé kò wá ṣe ohun rere kankan ni? Ní Brazil, àwọn olùwádìí tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012 pé bí síríìsì iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Rede Globo ṣe ń wọ agbègbè kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bímọ níwọ̀n, torí ìdílé kékeré ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Wọ́n tiẹ̀ ń fi orúkọ inú eré sọ ọmọ. Ní àwọn abúlé Íńdíà, ìwádìí 2009 rí i pé lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n oníwáyà dé, iye obìnrin tó gbà pé ó tọ́ kí ọkọ na ìyàwó dín kù. Ẹ wo Sesame Street, ètò ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969: àwọn ọmọ tó wà níbi tí àwòrán ẹ̀ ti ń dé dáadáa ò fi bẹ́ẹ̀ fà sẹ́yìn ní kíláàsì. Wíwò púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Aṣèwádìí

Gbogbo ẹ̀ tọ̀nà, mi ò lè jiyàn. Ẹ kàn fi èkejì tì í: tẹlifíṣọ̀n dé ẹkùn Nadroga ní orílẹ̀-èdè Fiji ní 1995, nígbà tó fi máa di 1998, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ tó ń fẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fipá bì kí wọ́n lè rí bẹ́ẹ̀, ti pọ̀ sí i. Ní erékùṣù Java ní Indonesia, ìwádìí 2009 rí i pé abúlé tí àwòrán ti ń mọ́ dáadáa, wọn kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ bíi ti ibòmíì. Nǹkan kan náà ló ṣe ti Brazil, òun náà ló ṣe ti Fiji. Ohun tí èèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ á dà bí ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Fún ilé yìí, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ ka orúkọ ètò tó wà lórí pépà Tíṣà kẹ́ ẹ tó ka wákàtí.

Tíṣà_Jẹ́léósinmi

Ìdí gan-an tí mo fi ní kí ìlà ẹ̀kẹta jẹ́ "ohun tó ń lọ."

Olólùfẹ́, Sesame Street tẹ́ ẹ dárúkọ, wọ́n dìídì ṣe é fún ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé ni, wọ́n sì ń dán an wò lára ọmọ kó tó jáde. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ní àwòrán ẹranko nínú ló rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó dáa fún ọmọ ọdún 6, ẹ wo ìṣẹ́jú 5 nínú ẹ̀. Bí àwòrán bá ń yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, tí ariwo ò dúró, ẹ fò ó. Bí ẹnì kan bá ń béèrè nǹkan tó sì dákẹ́ kọ́mọ lè dáhùn, ìyẹn dáa.

Ọlọ́mọmẹ́ta

Ẹ ti gbà mí. Mo ti lẹ pépà náà. Ó ku ìbéèrè kan: àgbàlagbà kan wà nílé tó ní òun ò ní tẹ̀lé òfin ọmọdé, pé bóun bá tibi iṣẹ́ dé, òun á tàn án, kò sì ní wò ó. Ó ní ariwo yẹn ló ń mú kí ara òun balẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Kó tan rédíò. Ariwo náà ni. Kò ní àwòrán tó máa gbójú ọmọ kúrò lórí búlọ́ọ̀kù.

Tíṣà_Jẹ́léósinmi

Rédíò onísọ̀rọ̀ ṣì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí, Ìyá Ìbejì. Kó jẹ́ orin, kó lọ sílẹ̀. Bí ọmọ oṣù 18 bá ti sùn, kó tan èyí tó bá wù ú.

Onírìmóòtù

Ẹ má bá a jà. Ẹ yí àga padà. Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀, gbogbo àga ló kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá jókòó ti wò ó tán kó tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àga méjì kọjú síra, kí tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á ní láti yí ara ẹ̀. Kí rìmóòtù máa gbé inú dúrọ́ọ̀, kó má wà lórí apá àga. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sídìí dúrọ́ọ̀ yẹn máa pa ọ̀pọ̀ òdo.

Àwọn kan máa ń da aṣọ bò ó bí wọn ò bá lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí ojú dúdú ńlá yẹn ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ihò atẹ́gùn ẹ̀yìn ẹ̀ wò ná. Bó bá ṣì gbóná, ẹ fi sílẹ̀ bíi ààbọ̀ wákàtí kó tutù kẹ́ ẹ tó bò ó. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kó má jẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ká a kúrò kẹ́ ẹ tó tàn án.